Omi Iyọ̀ Tí Mo Júwe fún Ìyá Rakiya

Ara mi le, ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi, kò sì sí dókítà tó sọ fún mi pé ikú ti sún mọ́lé. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀rù ọ̀run ló là mí lẹ́nu. Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ló là mí lẹ́nu. Orúkọ ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ni Rakiya. Èmi ni mo tì í dé ìsàlẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, tí mo ń jẹun lé e lórí. Lónìí, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí.

Orúkọ mi ni Mujeebat Rájí. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria níbí ni wọ́n bí mi sí. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn eyín kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe ilé ìwòsàn ló ṣẹ̀, èmi ni. Èmi náà ni mo ń to ìwé ìròyìn olóṣooṣù jọ, èyí tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn dókítà eyín àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnu ní agbègbè wa: oògùn tuntun tó jáde, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, àrùn tí wọ́n rí, abúlé tí wọ́n dé. Iṣẹ́ kẹta tí mo ń ṣe kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Dókítà Akínwálé, ọ̀gá wa, ará Ọ̀yọ́ ni. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Zaria, síbẹ̀ Hausa rẹ̀ kò kọjá sannu àti na gode. Bí aláìsàn bá sọ̀rọ̀ ní Hausa, èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá fún un. Ohun tí mo bá sì sọ pé aláìsàn wí, òun náà ni aláìsàn wí. Kò sí ẹlòmíràn tí dókítà lè bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tí mo dà. Mi ò sọ ọ́ láti fi tọrọ àánú. Bàbá mi kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, ẹ̀kọ́ mi sì parí síbẹ̀. Ọkọ mi kú ní ọdún 2001, Hafeezat ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí ilé ìwé alẹ́ ní Samaru. Láti Tukur-Tukur ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn dé Kwangila kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, wáyà ni mo fi so okùn rẹ̀ tòsì, wáyà náà sì ń họ mí lẹ́sẹ̀. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jókòó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá, pè mí, ó fi ìka hàn mí ibi méjì tí mi ò kọ nǹkan kan sí. Ó ní, "Mujeebat, ẹni tó bá fi àyè sílẹ̀ lófìfo, òdo ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Kọ nǹkan síbẹ̀. Ohunkóhun." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba ẹ̀sìn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí àlàfo nínú ìwé, àyà mi kì í balẹ̀ títí mo fi máa dí i. Wọ́n ń yìn mí fún un níbi iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá kò ṣẹ̀; ìdánwò ló ń sọ, èmi ni mo gbé e lọ síbi tí ènìyàn wà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àìsàn kyanda, tó máa ń sú sí ọmọdé lára, ti jà ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Basawa. Bí kyanda bá lọ tán lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó dára jẹ, àìsàn mìíràn lè tẹ̀lé e, èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní nọ́mà. Ẹnu ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa rùn, èrìgì rẹ̀ yóò dúdú. Bí a bá tètè rí i ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, oògùn àti oúnjẹ gidi yóò wò ó. Bí a kò bá rí i, yóò jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà lọ, bí iná ṣe ń jẹ bébà. Dókítà rán èmi àti Shamsudeen, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ẹnu wò ní ilé ìwòsàn wa, pé ká lọ wo ẹnu àwọn ọmọ ìwé kìíní ní abúlé mẹ́rin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Shamsudeen á ka eyín, èmi á kọ ọ́. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ káàdì: ṣé ẹnu ń rùn, tàbí egbò wà lérìgì? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Abúlé tí "bẹ́ẹ̀ ni" bá ti jáde, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbé oògùn àti oúnjẹ ọmọdé yóò kọ́kọ́ lọ lọ́sẹ̀ náà.

A ṣe mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ni Unguwar Dorawa, odò kékeré kan ló sì wà láàárín ọ̀nà àti abúlé náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kẹ̀kẹ́ tó gbé wa kò lè kọjá. A jókòó sábẹ́ búkà onítíì kan létí odò. Shamsudeen wo omi, ó wò mí. "Ìyá Hafeezat, mi ò mọ̀wẹ̀ o. Ìyàwó tí mi ò tíì fẹ́ á di opó. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́ Sátidé." Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí àwọn kan yóò fẹ́ dá a lẹ́bi jù mí lọ. Òun ló ní ká padà wá. Èmi ni mo ní rárá. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìròyìn yóò jáde, abúlé mẹ́ta ti kún, ọ̀kan ṣófo. Ọ̀gá ilé ìwé wọn sì ti fún mi ní orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlélógójì náà kí ọjọ́ tó pé, kí n lè kọ ọ́ sórí káàdì. Mo ní, "Ẹnu ọmọdé ò yàtọ̀ sí ara wọn. A ti rí mẹ́ta, a ti mọ bí ẹ̀kẹrin á ṣe rí." Shamsudeen bú sẹ́rìn-ín. "Kai, Màmá! Ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi jà tí mo bá gbàgbé àtikọ déètì?" Mo ní kó buwọ́ lù wọ́n. Ó buwọ́ lu káàdì mọ́kànlélógójì láìsí nǹkan kan lára wọn ju orúkọ lọ, ó sì gba mọ́sálásí kékeré tó wà lókè ọ̀nà lọ láti kírun Àílà. Èmi ṣí bírò mi.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Akínwálé ń ṣí àwọn káàdì náà níkọ̀ọ̀kan, ó gbójú sókè. "Ìyá Hafeezat, ọmọ ọdún mẹ́fà mọ́kànlélógójì, eyín ẹnìkan ṣoṣo ò tíì yọ? Àbí aláǹgbá abúlé yẹn ló ń bá wọn dá a padà sẹ́nu ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí eyín mi yọ, ìyá mi ní kí n jù ú sórí páànù, kí n sì pa ẹnu mọ́ kí aláǹgbá má baà rí àlàfo náà. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi, síbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ káàdì, mi ò fi àlàfo kankan sí ẹnu ọmọ kankan. Mo sọ fún dókítà pé mo ti rò pé eyín tó yọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwádìí náà, pé n óò tún un ṣe. Mo kó wọn lọ sórí tábìlì mi, mo sì fi bírò yọ eyín ọmọ mọ́kànlá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìwé ìròyìn jáde: Unguwar Dorawa, ọmọ mọ́kànlélógójì, kò sí egbò ẹnu. Àwọn tó ń gbé oògùn gba abúlé mìíràn lọ.

Títí dé ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí, Shamsudeen mọ̀ ọ́n. Ohun tó kàn báyìí, òun náà kò mọ̀ ọ́n títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

Nígbà tó lọ kírun lọ́jọ́ yẹn, tí mo jókòó lémi nìkan pẹ̀lú àwọn káàdì, obìnrin kan là odò náà kọjá. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé ọmọbìnrin kan lé èjìká, omi dé ìbàdí rẹ̀. Ó dúró níwájú mi, omi ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. "Ku ne na hakori?" Ṣé ẹ̀yin ni àwọn eléyín? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní orúkọ òun ni Talatu, pé láti òwúrọ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ti ní kí wọ́n máa retí wa, òun kò lè dúró mọ́. "Malama, kyanda ló ṣe ọmọ mi. Ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ ń rùn. Kò jọ òórùn ẹnu ọmọdé. Kò jẹun mọ́." Mo béèrè orúkọ ọmọ náà. Ó ní Rakiya. Káàdì Rakiya ni ìkẹsàn-án, mo ti kọ ọ́ tán, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. "Rárá" ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà lanu fún mi láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Èrìgì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì ti dúdú, ó tó èékánná àtàǹpàkò mi. Mi ò kàwé dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fọwọ́ ara mi tẹ àmì àìsàn yẹn sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ wo ohun tí mo rò, bí mo ṣe rò ó gan-an. Mo rò pé bí mo bá gbé ọmọ yìí lọ bá dókítà, yóò béèrè ibi tí mo ti rí i. Bí mo bá ní etí odò ni, yóò béèrè bí mo ṣe rí ogójì yòókù. Mo tún rò pé káàdì náà mọ́, kò sí ibi tí mo ti fagi lé nǹkan kan lára rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́. Yóò sàn." Ó ní, "Ṣé kí n má gbé e wá sí Sabon Gari?" Mo ní, "Ọ̀nà jìn. Iyọ̀ ti tó." Ó lóṣòó níwájú mi, ó ní kí Ọlọ́run fi oore san án fún mi, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó tún wọ omi padà. Nígbà tí Shamsudeen dé, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ lókèèrè. "Ta nìyẹn, Màmá?" Mo ní, "Ó ń béèrè ọ̀nà ni."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n wọlé sí ilé ìwòsàn wa. Híjáàbù bo ojú ọmọ náà dé imú. Nígbà tí Talatu ká a sókè, Dókítà Akínwálé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti lọ. A ń rí eyín ọmọ náà láìjẹ́ pé ó lanu, kò sì lè lanu mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti há. Dókítà ní, "Ẹ bi í, kí ló ń ṣe láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?" Mo bi í ní Hausa. Talatu kò wo dókítà, èmi ló ń wò. Ó ní, "Malama, mo lo iyọ̀ náà. Láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹ ṣe wí. Nígbà tó tán nílé, mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ṣé mi ò fi iyọ̀ tó ni?" Dókítà ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ọ̀dọ̀ elégbòogi lòun gbé e lọ, sà. Ó ní òun rò pé iwin ni."

Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ti etí odò, ẹ̀rù ló bà mí. Ti yàrá dókítà, obìnrin náà dúró ti ẹ̀gbẹ́ mi, ìró rẹ̀ ń kan tèmi, mo sì fi èdè tí kò gbọ́ dá a lẹ́bi. Dókítà pariwo mọ́ ọn ní Yorùbá, ó pariwo mọ́ ọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Talatu tẹrí ba. Ó rò pé ọmọ òun ló ń dun ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀, ó ní, "Na gode, likita." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Yorùbá ni mo fi pa irọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá.

Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì ọmọ náà. Ó tún kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́: ìyá kan tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ elégbòogi títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ fi jẹrà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún àwọn àmì ìdánudúró rẹ̀ ṣe. Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí ìròyìn dé pé àjọ ìlera àgbáyé ti ka nọ́mà mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì, a tún ìtàn náà tẹ̀ jáde. Èmi fúnra mi sọ ọ́ ní Àsàlátù yín, ẹ̀yin ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ẹnu; ẹ mi orí, ẹ ní, "Àìmọ̀kan burú." Lóṣù tó kọjá, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń yẹ ẹnu wò, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hilda ní, "Irú ìyá bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni." Èmi ni mo ń pín ìwé kiri. Mo pín tirẹ̀ fún un.

Ìwé ara ògiri wá dé. Àwọn dókítà tó ń tún ojú ọmọ ṣe ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyá ọmọ ni yóò máa ràn án lọ́wọ́ láti la àgbọ̀n lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀ kó má baà tún há, nítorí náà wọ́n fi àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń gbọ́ràn síwájú. Níwájú orúkọ Rakiya, wọ́n kọ ọ́ pé: ìyá kì í tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Obìnrin tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi títí iyọ̀ fi tán nílé rẹ̀! Rakiya ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kunu ni wọ́n ń dà sí i lẹ́nu láti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti lọ. Kò lọ sí ilé ìwé mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọlé tọ dókítà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó ní, "Ìyá Hafeezat, ẹ sọ pé àwàdà lẹ ń ṣe." Mo ní, "Kì í ṣe àwàdà, Dókítà." Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bú obìnrin yẹn kiri." Ó ní kí n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbìmọ̀, mo kọ ojú ewé méjì. Ó fi bírò tirẹ̀ fagi lé ohun tó wà níwájú orúkọ Rakiya, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún ni ìgbìmọ̀ náà, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọn yóò jókòó. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Mo pe Shamsudeen, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna báyìí. "Màmá, oṣù mẹ́ta ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Nígbà tí mo dé ibi obìnrin etí odò, ó ní, "Ẹ ní ó ń béèrè ọ̀nà." Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ sí Unguwar Dorawa. Òjò ti rọ̀. Kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ níbi tó já wa sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ká ìró mi sókè, mo wọ omi. Ó dé ìbàdí mi. Ó ṣeé là kọjá. Mo bá Talatu níbi tó ti ń pa ẹ̀pà, Rakiya jókòó tì í. Mo sọ ọ́ fún un ní Hausa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo nǹkan kan. Kò gbójú sókè, ó ń pa ẹ̀pà lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé mi ò fi iyọ̀ tó?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rò ó." Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. "Ta lẹ sọ fún pé mo gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ boka, ọ̀dọ̀ elégbòogi?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ènìyàn náà, mi ò lè kà wọ́n tán. Ó ní, "Ẹ padà lọ bá wọn. Gbogbo wọn. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wá sọ̀rọ̀ ìdáríjì." Ó sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀. Rakiya dìde, ó sìn mí dé etí odò, ó fi ìka hàn mí ibi tí omi kò jìn.

Nítorí náà ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin ìyá Àsàlátù, ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ìròyìn náà tí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn: mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bá mi bẹ Ọlọ́run. Ibi tí ẹ ti sọ ìtàn ìyá yẹn, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ sọ pé irọ́ ni, kí ẹ sọ pé Mujeebat Rájí ló pa á. Hilda, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, èmi ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ náà tọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ óò gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé lẹ́yìn mi, bí ẹ kò bá dé abúlé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò dé ibẹ̀. Àlàfo kì í pa ọmọ. Ohun tí mo fi dí i ló ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo kọ káàdì tuntun fún Rakiya. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ orúkọ ìyá rẹ̀, mo kọ ohun tí mo rí létí odò lọ́jọ́ náà àti ohun tí mo sọ. Ibi tí wọ́n máa ń kọ bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ sí wà nísàlẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.